Ọmọ Tòlótòló Tí Mi Ò Fẹ́ Kà

Nígbà tí orúnkún mi ò tíì máa bá mi jà, tí mo lè sáré lé bọ́ọ̀sì láti Park Hill kí n tó lọ wọ fẹ́rì... o ń rẹ́rìn-ín? Mo sáré rí o! Ṣé fóònù yẹn ti ń gbọ́ mi? Ó dáa. Má gbé e sún mọ́ mi lẹ́nu jù.

O ní tíṣà yín ní kí ẹ bi àgbàlagbà kan ní ìtàn ìdílé yín. Ohun àkọ́kọ́ tí o wá bi mí ni pé ọmọ mélòó ni mo bí. Morẹ́nikẹ́, ìwọ ò mọ̀, ìlú òyìnbó níbí ni wọ́n bí ẹ sí. Nílé wa, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí o bá bi ìyá kan pé ọmọ rẹ̀ jẹ́ mélòó, á ní, "Wọ́n pọ̀, a dúpẹ́." Ó parí. Nígbà tí à ń gba ìwé ìgbélùú níbí, bàbá àgbà ẹ ló kọ iye yẹn sílẹ̀. Èmi kọjú sí ògiri títí ó fi kọ ọ́ tán.

Màá dá ẹ lóhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tòlótòló ni màá kọ́kọ́ sọ. Fara balẹ̀.

Bàbá òyìnbó kan wà ní Port Richmond tí mo bá ṣiṣẹ́. Fráńkì lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ń ṣe nígbà yẹn... kí n se oúnjẹ, kí n fún un lóògùn, kí n mú un rìn díẹ̀. Màá máa sọ "ó" fún un, má bínú, èdè òyìnbó tí àwa méjèèjì jọ ń sọ ò mọ àgbà. Ọdẹ ni. Mo ní ọdẹ, kì í ṣe àwọn tó ń ṣọ́ ilé ìtajà o, ọdẹ tó ń wọ igbó. Ọjọ́ tí mo sọ fún un pé ọmọ ọdẹ lèmi náà, pé bàbá mi ń pa àparò àti ẹtu nígbó Ìgbòho, ńṣe ló tún bọ̀ mí lọ́wọ́, bí ẹni pé ọjọ́ yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé.

Tòlótòló igbó ni tiẹ̀. Kì í ṣe ti ọ̀sìn o. Èyí ga lẹ́sẹ̀, ó dúdú, ara rẹ̀ ń dán, orí igi ló ń sùn. Ìwọ náà ń rí wọn ní Staten Island yìí, tí wọ́n máa ń kọjá láàárín títì, tí mọ́tò á dúró dè wọ́n. Wọ́n mọ̀ pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ yìnbọn nínú ìlú, ìyẹn ni wọ́n fi ń ṣe fáàrí.

Ṣùgbọ́n Fráńkì kì í dọdẹ níbí. Ó ní ilé pákó kan lápá òkè, ìrìn wákàtí mẹ́ta nínú mọ́tò, létí oko kan tí wọ́n ti pa tì. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ló ń dọdẹ níbẹ̀. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, tòlótòló wọ́n bí ojú lórí òkè yẹn. Nígbà tó yá, wọ́n wá pọ̀, wọ́n pọ̀ gan-an, bí òtútù bá ti lọ, akọ á máa dún lówùúrọ̀ láti òkè kan dé èkejì. Àgbà dé sí i, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ó ní òjò tútù ń pa àwọn ọmọ kéékèèké, ajá igbó ń gbé wọn, àṣá ń gbé wọn... ta ló mọ èyí tó pọ̀ jù?

Ó wá ní ìwé kan. Ní gbogbo oṣù kẹjọ, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé pákó yẹn, á ka abo tó bá jáde sóko, á ka ọmọ tó tẹ̀lé e. Á kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á wá wò ó. Bí ọmọ bá pọ̀, wọ́n lè pa abo nígbà tí ewé bá ń wọ́. Bí ọmọ ò bá pọ̀, wọn ò ní fọwọ́ kan abo kankan, ìjọba ì báà fún wọn láyè. Òfin tiwọn nìyẹn, ohun tí ìwé bá sì sọ labẹ gé.

Ojú Fráńkì wá ń ṣú. Dáníẹ́lì, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ló ń fi mọ́tò gbé èmi pẹ̀lú rẹ̀ lọ lọ́dọọdún, kí n lè máa fi ojú mi bá a kà wọ́n. Lọ́dún kan a jókòó, àwọn tòlótòló jáde. Fráńkì ní abo mélòó? Mo ní méjì. Ìyẹn ò le. Ó wá ní, "Ọmọ ńkọ́, Ẹ́sítérì?"

Mi ò fẹ́ kà wọ́n. O ò mọ ìdí ẹ̀. Nígbà tí à ń gbé Ìbàdàn, àbúrò ìyá ọkọ mi kan wá kí wa. Àwọn ọmọ mi ń jẹun nílẹ̀. Ó fi ìka nà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kà wọ́n sókè ketekete, ó ní mo mà ṣe dáadáa o. Kò pé oṣù méjì, ibà gbé Táyọ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin. Ṣé kíkà yẹn ló pa á ni? Mi ò mọ̀. Mo mọ ohun tí pásítọ̀ wa máa sọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ọmọ níwájú mi mọ́, èmi náà ò sì kà.

Ni mo bá dá Fráńkì lóhùn pé, "Wọ́n pọ̀, sà." Ó ní ṣé wọ́n tó mẹ́wàá? Mo ní wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹ́ta ni wọ́n, Morẹ́nikẹ́. O lè ní kí ẹnu má kà, o ò lè ní kí ojú má rí.

Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí n bá òun kọ ọ́ sínú ìwé, mo kọ ọ́. Mo rò pé àdúrà ni mo gbà fún ìyá àwọn ẹyẹ yẹn. Bí mo bá sì padà sí Staten Island, kí ni mò ń rí? Tòlótòló rẹpẹtẹ, tí wọ́n ń yàgbẹ́ sórí mọ́tò onímọ́tò. Ta ló máa gbà pé irú nǹkan yẹn lè tán? Ọdún mẹ́ta ni mo fi sọ pé wọ́n pọ̀. Ọdún mẹ́ta làwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi wo ìwé, tí wọ́n sì ń pa abo. Wọ́n tún ń fún mi nínú ẹran náà, mo ń fi se ọbẹ̀, mo ń jẹ ẹ́. Hmm.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Tèmi ò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òtútù ọdún kẹta lọ, Fráńkì ní òun fẹ́ lọ gbọ́ ohùn akọ. Kò fẹ́ yìnbọn, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ojú rẹ̀ ti lọ, àmọ́ etí rẹ̀ ṣì mú. Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó lówùúrọ̀ kùtù, a jókòó, a dákẹ́. Àwọn ẹyẹ wẹẹrẹ ń ké. A ń dúró... Oòrùn yọ. Tíì tó dì mú tutù. Akọ tòlótòló kan ṣoṣo ò dún.

Ó ní, "Ìwé mi ṣáà sọ pé wọ́n pọ̀."

Bàbá mi ni mo rántí. Ẹyẹ awó máa ń bo oko ẹ̀pà rẹ̀ ní Ìgbòho nígbà tí mo wà ní kékeré, àwa ọmọdé la ń fi òkò lé wọn. Ọjọ́ kan, a dé oko, a ò rí ẹyọ kan. Bàbá mi dúró, ó wò yíká, ó ní, "Ìgbà wo ni wọ́n lọ?" Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn, torí kò sẹ́ni tó kà wọ́n rí.

Mo bá kúnlẹ̀ fún Fráńkì. Ó ní kí ni mò ń wá nílẹ̀. Mo jẹ́wọ́. Ọdún àkọ́kọ́, ọmọ mẹ́ta. Èkejì, ọ̀kan. Ẹ̀kẹta, kò sí rárá. Mo sọ ti Táyọ̀ fún un pẹ̀lú. Ó gbé tíì rẹ̀ kalẹ̀. Mo ti ń rò ó pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ó wá bi mí bóyá ìyá mi sin adìyẹ. Mo ní ó sìn ín. Ó ní tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ń wọlé, kí ni ìyá mi máa ń ṣe?

Mo ní... á kà wọ́n. Gbogbo ìrọ̀lẹ́. Bí ọ̀kan bá dín, a ò ní jẹun, gbogbo wa la máa wá a lọ sínú igbó.

Ó ní, "Ohun tí mò ń ṣe náà nìyẹn, Ẹ́sítérì. Mò ń kà wọ́n kí n lè mọ èyí tí màá wá."

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ó dùn mí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń pe irọ́ ní àdúrà.

Òun fúnra rẹ̀ ló pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan bínú gan-an, ó ní kí wọ́n má gbé mi wá síbẹ̀ mọ́, kò sì jẹ̀bi. Fráńkì ní rárá, èmi ni màá máa kà á lọ, pé ẹni tó ti ṣì í kà ló máa fojú sílẹ̀ jù. Wọn ò pa abo mọ́. Ṣùgbọ́n kí ọdún yẹn tó parí, Fráńkì kú. Kò gbọ́ ohùn akọ kankan mọ́ kó tó lọ. Ìyẹn ṣì ń dùn mí títí dòní.

Dáníẹ́lì ṣì ń wá gbé mi ní gbogbo oṣù kẹjọ. Mo ń fi ìka nà wọ́n, mo ń kà wọ́n sókè. Ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí Fráńkì lọ, abo kan, ọmọ ò sí. Ó pẹ́ kó tó yí padà. Lọ́dún tó kọjá, abo mẹ́ta, ọmọ mọ́kànlá. Nígbà tí òtútù sì lọ lọ́dún yìí, akọ kan dún lórí òkè. Mo ní, "Bàbá Fráńkì, ẹ gbọ́ ọ?" Dáníẹ́lì ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí mo sọ.

Ẹ̀yin ọmọ ìsìnyí, aago ọwọ́ yín ń bá yín ka ìṣísẹ̀ yín, ẹ ò sì mọ iye ẹbí yín. Àwa mọ ẹbí wa, a wá ń bẹ̀rù àtikà wọ́n. Èwo ló sàn níbẹ̀? Ṣé fóònù yẹn ṣì ń gbọ́ mi?

Ó dáa. Kọ ọ́ sílẹ̀ fún tíṣà yín. Bísí. Dúpẹ́. Táyọ̀. Bàbá ẹ. Kẹ́mi. Ọmọ márùn-ún ni mo bí. Mẹ́rin ti wọlé. Táyọ̀ ni mo ṣì ń wá.