Ẹ̀rọ Kẹ́hìndé Mọ Ojú Táyé

Rárá o, Bàbá Safiatou, ẹ má kí mi káàbọ̀, ẹ má sì fa àga fún mi, mi ò wá jókòó! Mo ní mi ò jókòó! Láti àdúgbò wa ní Plateau ni mo ti ń kó ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ lẹ́nu, ẹni tó fi alùpùpù gbé mi gan-an bẹ̀ mí pé kí n fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí mò ń lọ bá. Ẹ̀yin ni mò ń bọ̀ wá bá! Ẹ ní kí ni? Láàárọ̀? Ẹ fi ti àárọ̀ sílẹ̀ ná, ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni mo bá wá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, torí ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ọ̀dínátọ̀, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí ẹ tà fún mi lóṣù tó kọjá, ni mo gbé wá dá padà. Ó wà nínú báàgì yìí, ẹ má fọwọ́ kàn án ná. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó sẹ́fà, Bàbá Safiatou! Èmi tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó jẹ́ pé bàtà tí mo wọ̀ dé láti Pobè lọ́jọ́ tí ìjọba gbé mi wá síbí, òun náà rèé lẹ́sẹ̀ mi! Àwọn ọ̀dínátọ̀ mìíràn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi wọ́n hàn mí, wọn ò tó ìdajì owó yẹn. Kí ló dé tí mi ò ra ọ̀kan nínú wọn? Ẹ wí! Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní, “Madámù, èyí mọ ojú ẹni tó ni ín”? Ẹ ní kò ní bèèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ kankan, pé ojú mi lásán ló máa wò tó máa fi ṣí, pé tí kì í bá ṣe èmi, ọba ìlú ì báà jókòó síwájú ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní ṣí. Ẹ wá fi ọwọ́ sọ àyà, ẹ ní, “Kò sí ojú méjì tó jọra láyé.”

Bàbá Safiatou. Kẹ́hìndé lorúkọ mi! Mo kọ ọ́ sórí ìwé ọjà lójú yín, ẹ sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yìn ta lẹ rò pé mo dé sí?

Ẹ ò mọ Táyé ni. Orí yín ló bá yín ṣe é. Ó wá kí mi fún ọ̀sẹ̀ kan, ọdún kẹta rèé. Gbogbo ohun tó bá sì ṣe, èsì kan ṣoṣo ló ní: “Ìwọ ẹ̀gbọ́n lo rán mi.” Ẹ ṣáà mọ bí àwọn àgbà ṣe ń wí i, pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló ní kí Táyé ṣáájú, kó lọ bá òun tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Ọdún méjìdínlógójì rèé, kò tíì tọ́ ọ tán! Bí mo bá se ọbẹ̀, ó ti bá mi tọ́ ọ wò. Bí mo bá rán aṣọ, ó ti bá mi wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà wò. Romuald tó kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́ mi sílé, ó dé nígbà tí mi ò sí nílé, ó bá Táyé sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì, ó rò pé èmi ni. Nígbà tí èmi fi máa dé, ọkùnrin náà ní a ti jọ pinnu pé kí kálukú máa lọ lọ́nà ẹ̀! Mo béèrè lọ́wọ́ Táyé, ó ní, “Mo bá ọ tọ́ ọ wò ni, kò dára.” Ṣé ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín ni? Ẹ má rẹ́rìn-ín mi o!

Ìdí tí mo fi ra ẹ̀rọ olójú nìyẹn. Lọ́dún yìí, èmi ni wọ́n yàn láti ṣe ìbéèrè ìṣirò fún ìdánwò gbogbo ilé-ìwé àdúgbò wa. Iyì ni, ẹ̀rù sì ni. Táyé ń kó àwọn ọmọ aládùúgbò jọ nírọ̀lẹ́, ó ń kọ́ wọn níwèé, àwọn ìyá wọn ń fún un ní nǹkan. Mo ní tó bá fojú kan ìbéèrè yìí, mo kú. Mo ní n ó ra ohun tí kò ní ṣí fún un láéláé. Ẹ wá gbọ́ ohun tí Táyé wí lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín: ó ní kí n má ra ọ̀dínátọ̀, kí n fi owó yẹn ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, kí a gbé e sí ìlú Kaboua, ó ní ẹ̀gẹ́ tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju ọwọ́ tó ń rin ín lọ. Mo pòṣé sí i. Mo ní òpè ni. Ó ń dùn mí báyìí, ìpòṣé yẹn.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe ní kí n wojú ẹ̀rọ, kó lè dá mi mọ̀? Ẹ ní, “Madámù, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀.” Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àrínmọ nìyẹn! Láti ìgbà tí mo ti délé tí mo yẹ àpò owó mi wò, eyín mi ò ríta mọ́. Mo jókòó síwájú ẹ̀rọ, ó ń wò mí, mò ń wò ó, ó lóun ò mọ̀ mí. Mo tú gèlè. Kò mọ̀ mí. Mo bọ́ yẹtí, mo fi omi bọ́jú, mo tan gbogbo iná ilé. Kò mọ̀ mí! Ìgbà tí mo bá fi ìka méjì fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sókè báyìí, ẹ wò mí, báyìí, ìgbà yẹn ló tó máa gbà. Èmi tí mo rà á o! Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tẹ ìbéèrè mi tán, tìkatìka lẹ́rẹ̀kẹ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí a ṣe ìdánwò, mo yí nǹkan kan padà. Mo ti kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ pé àgbẹ̀ kan ní àpò kajú mẹ́rìnlélógún. Mo ní ó ti rọrùn jù, mo fi ọwọ́ kọ mẹ́rìndínlógójì sórí ìwé tí a fún àwọn ọmọ. Ìdánwò dé, ọmọ mẹ́sàn-án ló ṣírò àpò mẹ́rìnlélógún! Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n ni wọ́n dáhùn! Rodrigue, tó máa ń fi ìka ẹsẹ̀ kún tọwọ́ kó tó lè ka méjìlá, Rodrigue ló kọ ìdáhùn tó mọ́ bí ẹyin! Gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ọmọ ọ̀dọ̀ Táyé.

Mo sáré délé. Mo ní, Táyé, báwo lo ṣe ṣí i? Kò tilẹ̀ sẹ́. Ó da èèpo ẹ̀pà nù lọ́wọ́, ó tẹ̀ síwájú ẹ̀rọ, ó fi eyín sí i báyìí, fáà! Ó ṣí. Ó kọ ọ́ gbàgàdà: “Káàbọ̀, Kẹ́hìndé.” Bàbá Safiatou, omi bọ́ lójú mi. Ohun tí èmi ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tọrọ, ó fi ẹ̀rín gbà á. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìwọ lo rán mi. Mo ní kí n bá ọ tọ́ ìbéèrè yẹn wò, bóyá yóò le fún àwọn ọmọ.”

Dìrẹ́tọ̀ wa, ọ̀gá ilé-ìwé, pè mí. Ṣé ẹ mọ ohun tó dá mi lẹ́jọ́? Ẹnu mi! Gbogbo ilé-ìwé ni mo ti sọ fún pé ẹ̀rọ mi kì í ṣí fún ẹlòmíràn. Ó ní, “Madámù Kẹ́hìndé, tó bá jẹ́ ojú yín nìkan ló ń ṣí i, a jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ṣí i fún wọn.” Ó fún mi di ọjọ́ Ẹtì kí n fi ìwé ṣàlàyé, tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò kọ̀wé sókè kí wọ́n yọ mí níṣẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń jẹ eruku ẹfun! Mi ò jí nǹkan rí, mi ò ta ìbéèrè rí. Mi ò sùn láti ìjẹta.

Nítorí náà, owó mi, kí ẹ dá a padà. Ṣùgbọ́n ìwé ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ kọ ọ́ fún mi pé ẹ̀rọ yín kò mọ Kẹ́hìndé yàtọ̀ sí Táyé, kí ẹ lu òǹtẹ̀ sí i. Ẹ ní ẹ ò lè kọ ọ́? Ó máa ba ọjà yín jẹ́? Ẹ ní ẹ̀rọ tuntun kì í ṣìnà, pé ẹnikẹ́ni tó bá lójú á mọ ìyàtọ̀? Ṣé ẹ̀yin náà á mọ̀ ọ́n? Tí Táyé bá dúró síbí tí mo dúró sí yìí, ẹ á mọ̀ pé kì í ṣe èmi? Ẹ ní ẹ á mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dáa o. Ọlọ́run gbọ́.

Kí lẹ tún ń bèèrè àárọ̀ sí? Èmi? Mo wá síbí láàárọ̀? Mo dá ẹ̀rọ padà, ẹ ka owó fún mi? Bàbá Safiatou, ṣé ara yín yá? Ẹ̀rọ náà ló wà nínú báàgì mi yìí, mo gbé e kọ́ èjìká dé ibí, ó wúwo, ẹ wò ó, ẹ wò ó dáadáa, mo fi aṣọ wé e...

Yéè!

Pátákó ìkọ̀wé àwọn ọmọ kíláàsì mi! Méjì! Ó so wọ́n pọ̀ kó lè wúwo! Ó sì fi ẹfun kọ nǹkan sí i. Ẹ gbọ́: “Ẹ̀gbọ́n mi, má bínú. O ní o fẹ́ lọ dá a padà, mo ti ṣáájú lọ bá ọ tọ́ ọ wò. Bàbá náà ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Mo wà ní Kaboua. Ẹ̀rọ tí mo lọ rà fún wa kò mọ ojú ẹnikẹ́ni, ẹ̀gẹ́ nìkan ló mọ̀.”

Ẹ dúró ná. Ẹ dúró! Ó buwọ́ lùwé? Ó kọ Kẹ́hìndé sí i? Ẹ wojú ẹ̀, ojú yín méjèèjì tó là yìí, ẹ sì ní, “Madámù Kẹ́hìndé, ó dàbọ̀”? Ó rẹ́rìn-ín sí yín ni, àbí? Ó fi eyín sí yín, ẹ̀yin náà ṣí! Háà! Ẹ̀yin náà ṣí, Bàbá Safiatou! Ọmọ ìyá mi ò ní pa mí! Hà hà hà! Ẹ fún mi ní àga yẹn, n ó jókòó. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín...

Kí ló tàn lẹ́yìn yín yẹn? Lórí pẹpẹ. Ẹ̀rọ mi kọ́ nìyẹn? Ó ṣí! Ó ṣí láti ọ̀hún! “Káàbọ̀, Kẹ́hìndé.” Ó mọ̀ mí! Lẹ́yìn tí a ti dá a padà, ó wá mọ̀ mí! Àbí Táyé ló rò pé òun tún rí?

Ó ti tó. Ẹ mú bíìkì. Ẹ kọ ọ́ pé ojú ẹ̀rọ ò mọ̀, ojú ẹni tó ta ẹ̀rọ náà ò mọ̀, kí ẹ fi ìwé tó buwọ́ lù yẹn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí dìrẹ́tọ̀ fojú ara ẹ̀ rí i. Lẹ́yìn ìyẹn, n ó kọjá sí Kaboua. Bóyá n ó nà án, bóyá n ó bá a bó ẹ̀gẹ́, mi ò tíì mọ̀. Ẹ má ní kí n lọ kí n padà wá gbà á lọ́la o, Bàbá Safiatou. Ẹ kọ ọ́ báyìí kí ẹ fi lé mi lọ́wọ́. Tó bá di ọ̀la, Táyé á ti ṣáájú.