Pọ́tì Tó Wà Nínú Gìtá Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ pa ilẹ̀kùn yẹn dé, kí gbogbo yín jókòó. Ìyàwó mi, má fún mi lómi mọ́, èyí tó wà láyà mi ti tó. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sún mọ́ ibí, torí yín ni mo ṣe ránṣẹ́ pe gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ tú palẹ̀ yìí, mo ti gbé e mì tipẹ́, ó sì ti ń rùn nínú mi. Bí mo bá kú láìsọ ọ́, a jẹ́ pé mo tún ìwà ẹ̀gbin náà hù lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lánàá, dókítà tẹ́ ìka kan sí ẹ̀yìn mi, ó fi ìka kejì ń kàn án láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibì kan ń dún, ibì kan ò dún. Ó ní, "Bàbá, omi ló kún ibi tí kò dún yìí." Ó fi bírò sàmì síbẹ̀. Àmì náà wà lábẹ́ ẹ̀wù yìí, ìyàwó mi pàápàá kò tíì rí i. Ẹ̀gbọ́n mi, n kò gbọ́ nǹkan mìíràn tí dókítà sọ mọ́. Ọwọ́ yín ni mo rí. Mo rí bí ẹ ṣe máa ń di pátákó mú létí, tí ẹ ó fi eegun ìka kàn án, tí ẹ ó tẹ́tí, tí ẹ ó fá igi díẹ̀ kúrò, tí ẹ ó tún un kàn títí igi yóò fi dá yín lóhùn.

Gbogbo yín mọ̀ pé àwa méjèèjì la jọ ń ṣe gìtá ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn ilé yìí. Tèmi a máa dán. Ẹni tó bá wọlé, tèmi ni yóò kọ́kọ́ gbé, á máa wo ojú ara rẹ̀ nínú fánnìṣì tí mo kùn ún. Ṣùgbọ́n tó bá ti ta á lẹ́ẹ̀kan, á rọra gbé e kalẹ̀, á nawọ́ sí ti ẹ̀gbọ́n mi. Rúlà lèmi fi ń ṣiṣẹ́. Mo máa ń fi pátákó ojú gìtá sílẹ̀ ní kíki nítorí ẹ̀rù ń bà mí kó má fọ́, mo tún wá fi fánnìṣì sin ín. Ojú gìtá tí kò lè gbọ̀n, báwo ló ṣe fẹ́ kọrin? Ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ fún mi títí ó fi sú wọn. "Àbúrò, jẹ́ kí igi mí. O ti fún un lọ́rùn pa." Màá rẹ́rìn-ín, inú mi á sì máa ru.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ní tí wọn ò ní: ọwọ́ kékeré. Ọwọ́ tiwọn kò gba ihò àárín gìtá kọjá. Tí a bá ti lẹ ẹ̀yìn gìtá pa, tí iṣẹ́ bá ṣì kù nínú rẹ̀, èmi ni wọ́n máa ń pè. Ọwọ́ tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé nìyí. Ẹ wò ó dáadáa. Tí mo bá ń fi jẹun, èébì ló ń gbé mi.

Akọrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn ló bẹ ẹ̀gbọ́n mi níṣẹ́ gìtá kan. Ojú gìtá náà fẹ́lẹ́, àwọn igi ìhà tó gbé ojú náà ró nínú sì rí tín-ín-rín. Lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ so okùn sí i, ẹ̀gbọ́n mi, ife orí tábìlì ń gbọ̀n bí ẹ ṣe ń ta á. Ẹ gbé e kọ́, ẹ fi aṣọ bò ó, kí igi lè mọ́ra pẹ̀lú okùn tó ń fà á. Bí ẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ kì í tún fọwọ́ kàn án títí ọjọ́ tí ẹ ó gbọ́ ọ kẹ́yìn. Èmi sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni. Ẹ ń jẹun lọ́wọ́ nínú ilé, mo ń gbọ́ ẹ̀rín yín. Mo mú pọ́tì tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì mọ́ fèrèsé, mo pò ó, mo ki ọwọ́ bọ inú gìtá, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ojú rẹ̀, níbi tí okùn ti ń fà jù. Mo tún lẹ òmíràn mọ́ igi ìhà. Ṣé ẹ mọ ohun tó ń rí mi lára jù? Mo ń kọrin lábẹ́lẹ̀ bí mo ṣe ń ṣe é. Nígbà tí mo wọlé, ìyàwó mi ní, "Kí ló ń rùn lọ́wọ́ yín báyìí?" Mo ní iṣẹ́ ni.

Ọjọ́ tí ẹ ṣí aṣọ kúrò, ẹ ta okùn, gìtá ṣe gbì bí ìgbà téèyàn ń lu páálí. Ojú yín fà ro. Ẹ ní, "Àbúrò, jọ̀ọ́, ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀. Wò ó bóyá igi ìhà kan ti ṣí." Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìka mi kan pọ́tì náà, ó ṣì rọ̀. Ká ní mo já a jáde nígbà yẹn, ká ní mo pè é ní àwàdà, bóyá ẹ ò bá gbá mi létí kí ọ̀rọ̀ tán. Mo yọ ọwọ́, mo ní, "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Mo gba gìtá, mo ta á, mo ń mi orí bí ẹni tí orin wọ̀ lára. "Ẹ̀gbọ́n, ó mà ń dún o. Ṣé kì í ṣe etí yín?"

Èyí tí ẹ ṣe tẹ̀ lé e, mo lẹ pọ́tì mọ́ òun náà. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo wọn. Ẹ ń kán òróró sétí, ẹ ń ti ilé dókítà kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan, ẹ ò gbà. Èmi lẹ gbà gbọ́. Ẹ dákẹ́ láàárín èèyàn, torí ẹ rò pé ẹ ń pariwo láìmọ̀. Ẹ wá kó irinṣẹ́ yín fún mi, ẹ lọ ń kan àpótí tí wọ́n fi ń kó ọjà. Ẹ ní àpótí ò nílò etí. Mo gba irinṣẹ́ náà, mo tilẹ̀ sunkún sí i. Ẹkún gidi ni o, ojú ò ti omijé mi!

Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fá pọ́tì kúrò nínú gìtá akọrin, mo ṣí bébà orúkọ yín kúrò nínú rẹ̀, mo lẹ tèmi, mo sì gbé e fún un pé èmi ni mo ṣe é. Nígbà tó fi í kọrin níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn, ó ní kí n dìde kí wọ́n rí mi. Ẹ̀gbẹ́ mi lẹ jókòó sí. Ẹ di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ yìí náà, ẹ ní, "Àbúrò, o ti wá mọ̀ ọ́n ṣe. Ó dùn. Àbí mo kàn rò pé mo ń gbọ́ ọ ni?" Mo wo ojú yín, mo ní, "Bóyá ẹ kàn rò ó ni." Irú èèyàn wo ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn?

Akọrin, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi lẹ fi ń kọrin látọjọ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ já orúkọ mi kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbójú sókè. Kò sí nǹkan tó ṣe etí yín rí. Mo mọ̀ pé ẹ ò lè gbà á lẹ́nu mi. Ta ló máa gba irú ẹnu yìí gbọ́? Mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ lónìí. Ohun tí mo fẹ́ lónìí kò pọ̀. Ìyàwó mi, yí mi padà kí n kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ìka kàn mí lẹ́yìn bí ẹ ṣe máa ń kan pátákó. Ẹ má ká ẹ̀wù o. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ sún sísàlẹ̀ díẹ̀. Ẹ bọ́ sí òdì kejì. Ẹ tún un kàn.

Ẹ ní kí ni? Apá òsì, lábẹ́ egungun èjìká, pé ibẹ̀ ti kú? Ẹ fi ìka yín síbẹ̀, ẹ má gbé e kúrò. Ìyàwó mi, ká ẹ̀wù mi sókè báyìí, kí ẹ̀gbọ́n mi rí ibi tí dókítà sàmì sí.