Ohun Tí Mo Ṣe sí Gbọọrọ Lórí Pápá Onípákó

Ó ti tó gẹ́ẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo ti gbé mì láti ọjọ́ pípẹ́, màá pọ̀ ọ́ jáde lónìí, ẹni tó bá fẹ́ bú mi kó bú mi. Eré kẹ̀kẹ́ ni mo fi ṣiṣẹ́ jẹun. Wọ́n ti gbé fọ́tò mi sínú ìwé ìròyìn, ife-ẹ̀yẹ sì kún orí kọ́bọ́ọ̀dù mi. Ẹ má jẹ́ kí ife wọ̀nyẹn tàn yín.

Àwa obìnrin mẹ́rin la jọ máa ń sáré lórí pápá onípákó tí etí rẹ̀ gbé sókè bí etí abọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, torí inú eré yẹn gan-an ni mo fi ìwà ìkà mi pamọ́ sí. A máa ń tò tẹ̀lé ara wa gbágbáágbá, ẹni iwájú á máa gba atẹ́gùn sára fún àwa tó wà lẹ́yìn. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́, á yà sókè, àwa yòókù á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, òun á wá sọ̀ kalẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹni ìkẹyìn. Ẹni tí kò bá rí ẹ̀yìn lẹ̀ mọ́, atẹ́gùn á dá a dúró, ó parí fún un nìyẹn. Gbọọrọ ló máa ń ṣáájú mi. Yàrá kan náà la ń sùn, ọ̀rẹ́ mi àtọkànwá ni.

Lọ́jọ́ kan, Kóòṣì sọ pé ọmọ tuntun kan ń bọ̀, pé ẹnì kan nínú wa á fi àyè sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo bá Kóòṣì àti Gbọọrọ lẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n dákẹ́. Títí dòní mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ táyà. Ṣùgbọ́n mo ti dá ẹjọ́ náà tán nínú mi: èmi ni wọ́n fẹ́ lé.

Bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀. Bí Gbọọrọ bá ti yà sókè, tó ku díẹ̀ kó wọlé padà sẹ́yìn, èmi tí iwájú kàn á tẹsẹ̀ mọ́ ọn, díẹ̀ báyìí, tí ojú ò lè rí. Á lépa wa títí, kò ní bá wa. Kóòṣì á yìn mí pé mo yára, á sì mi orí fún Gbọọrọ. Ìkà lèmi. Ní yàrá, á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á gbọ́wọ́ lé àyà, á bi mí pé ṣé mo rò pé nǹkan ń ṣe òun. Mo ní kó lọ rí dókítà. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Gbọọrọ ò gbà. Ó ní àánú òun ló ṣe dókítà tó fi bo òótọ́ mọ́lẹ̀, pé àìsàn ọkàn ló pa bàbá òun, òun náà ló kàn.

Aǹtí Onípara, tó máa ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ wa, tó sì máa ń po omi mímu wa, bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí ẹsẹ̀ mi le báyìí. Ìbéèrè lásán ni. Ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, mo ní obìnrin yìí ti mọ àṣírí mi. Mo tọ Gbọọrọ lọ.

"Ṣé o tiẹ̀ mọ ohun tí obìnrin yẹn ń dà sínú ìgò ẹ?"

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi dé etí Kóòṣì. Wọ́n lé Aǹtí Onípara. Ó ń sunkún, ó ń búra, ó ń kó ìpara rẹ̀ sínú báàgì, èmi náà sì dúró níbẹ̀, mo ń bá a dì í. Ẹ ṣáà gbọ́ mi, mo bá a dì í. Lẹ́yìn tó lọ, Gbọọrọ ṣì ń já sẹ́yìn, torí mi ò jáwọ́, títí òun fúnra rẹ̀ fi ní òun ò ṣe mọ́.

Ọdún ti gorí ọdún, ọmọbìnrin Gbọọrọ wá sílé mi lọ́sẹ̀ tó kọjá láìjẹ́ kí ìyá rẹ̀ mọ̀. Ó ní òun fẹ́ máa sáré kẹ̀kẹ́, ìyá òun ò gbà, kò tiẹ̀ jẹ́ kí òun báwọn sáré nílé ìwé.

"Aǹtí, Mọ́mì ní ọkàn ìdílé wa ò lágbára. Ẹ̀yin lẹ jọ sáré. Ṣé òótọ́ ni?"

Mo ní kó máa lọ sílé.

Gbọọrọ, mo ń dáhùn báyìí. Kò sí nǹkan tó ṣe ọkàn ẹ. Ìgbà tó o bá ń wọlé bọ̀ ni mo máa ń sá fún ẹ. Aǹtí Onípara ò da nǹkan kan sínú omi ẹ. Mo bẹ̀ ẹ́, mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní kó o dárí jì mí lónìí. Kọ́kọ́ jẹ́ kí ọmọ náà sáré.