Omi Tí Mo Nù Kúrò Lábẹ́ Ọ̀rá

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Láti ọdún méjì sẹ́yìn ni nǹkan kan ti wà lọ́rùn mi. Mi ò ní parọ́ pé kò jẹ́ kí n sùn. Mò ń sùn dáadáa, mò ń jẹun, ara mi le, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni inú mi sì ń dùn. Ṣùgbọ́n ó dà bí eegun ẹja tó há séèyàn lọ́fun. Èèyàn á mu omi, á rẹ́rìn-ín, á tún mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀.

Ohun tó mú mi kọ̀wé báyìí ni ọ̀rọ̀ kan tí obìnrin ọlọ́kọ̀ kan sọ fún mi níjẹta, láìmọ̀ pé èmi ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Màá dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí. Físíìkì àti ṣímíì, ìyẹn kẹ́mísírì, ni mo kà nílé ẹ̀kọ́ gíga, òun náà ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níbí ní Àjàṣẹ́, ìlú etí ọ̀sà, títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Màmá Púróòfù. Àwọn tó mọ̀ mí ní àdúgbò wa, Tokpota, mọ̀ pé mi ò gba ìgbàkugbà. Bí búrẹ́dì bá fúyẹ́, màá kọ̀wé. Bí ẹni tó ń kọ́lé bá da yanrìn dí ojú gọ́tà, màá kọ̀wé, màá sì to ẹ̀sùn mi ní oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni nítorí ìyẹn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo ra ọkọ̀ onígi kan tó ń gba èèyàn méjìlá, mo sì gba ọkùnrin kan tó mọ ọ̀sà dáadáa pé kó máa wà á. Ó ń kó èrò lọ sí Aguégués, àwọn abúlé orí omi, ó ń kó wọn bọ̀. Ọkọ̀ náà lágbára, àmọ́ ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà.

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Libreville wá ránṣẹ́ pé òun àti ọkọ òun ń bọ̀. Àbúrò mi yìí, láti kékeré ló ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní màá fi ọkọ̀ mi gbé wọn lọ kí àwọn èèyàn wa ní Aguégués. Ó bú sẹ́rìn-ín lórí fóònù.

Ó ní: «Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé inú ọkọ̀ tí mo rí nínú fótò yẹn lẹ fẹ́ kó ọkọ mi sí? Ṣé kí n bá yín ra igbá ìgbọ́nmi bọ̀?»

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo lọ bá Bàbá Ràímì.

Bàbá Ràímì ló ń kun ọkọ̀ jù ní etí ọ̀sà wa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ti jókòó ní kíláàsì mi rí. Ó wo ọkọ̀ náà yí ká, ó ní ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án fáráǹsì. Mo pariwo. Mo ní mélòó ni agolo ọ̀dà kan, mélòó ni ọkọ̀ mi máa mu, mo ṣe ìṣirò rẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí ìwé.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní: «Màmá Púróòfù, ọ̀dà kọ́ lẹ̀ ń san owó rẹ̀. Ìdúró lẹ̀ ń san owó rẹ̀.»

Ohun tó ń sọ ni pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kúrò lómi, kí wọ́n ha ara rẹ̀, kí wọ́n fi òwú dí ojú igi, lẹ́yìn náà kí igi dúró títí á fi gbẹ dénú. Bí igi ṣe gbẹ, ó ní ọ̀nà tó fi ń mọ̀ ọ́n. Nírọ̀lẹ́, ó máa gé ọ̀rá funfun kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, ó máa fi sìkọ́ṣì aláwọ̀ ilẹ̀, téèpù tí wọ́n fi ń lẹ nǹkan, lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí omi sẹ̀ sábẹ́ ọ̀rá bí òógùn iwájú orí, igi ò tíì gbẹ nìyẹn. Bí abẹ́ rẹ̀ bá gbẹ, ó di kíkùn.

Wọ́n gbé ọkọ̀ náà sí àgbàlá mọ̀lẹ́bí mi kan létí ọ̀sà. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ àgbàlá náà wà. Bàbá Ràímì lẹ ọ̀rá lọ́jọ́ keje, omi wà níbẹ̀. Ó lẹ ẹ́ lọ́jọ́ kẹwàá, omi wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejìlá, ó ku ọjọ́ mẹ́fà péré kí àbúrò mi dé. Bàbá Ràímì lẹ ọ̀rá kẹta, ó ní bí omi bá ṣì wà, a máa fi ọ̀sẹ̀ kan kún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Fóònù mi dún. Bàbá Ràímì ni. «Màmá Púróòfù, mo ti wà ní ọjà Ouando, mò ń bọ̀.»

Mo bẹ̀rẹ̀, mo ká etí ọ̀rá náà sókè. Omi wà níbẹ̀. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà.

Ẹ jọ̀ọ́. Mo fi etí ìró mi nù ún. Mo nu ọ̀rá, mo nu igi, mo tún fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i. Nígbà tí mo fẹ́ lẹ ọ̀rá náà padà, sìkọ́ṣì rẹ̀ ò mú mọ́ lápá kan. Sìkọ́ṣì tí mo fi ń lẹ ìwé àwọn ọmọ-ọmọ mi wà nínú báàgì mi, èyí tó mọ́ bíi gíláàsì. Mo fi ìyẹn lẹ ẹ́ lé orí tiẹ̀.

Bàbá Ràímì dé, ó lóṣòó, ó ṣí ọ̀rá. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan igi náà, ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀.

Ó ní: «Ó gbẹ. Ṣé ọkàn yín ti wá balẹ̀?»

Mo ní: «Ó ti balẹ̀, Bàbá.»

Ó kun ọkọ̀ náà ní búlúù àti funfun, ó fa ìlà pupa sí i láàárín. Ó rẹwà. Àbúrò mi dé, ó rí i lórí omi, ẹnu rẹ̀ pa mọ́ títí a fi dé Aguégués. Ọkọ rẹ̀ ń ya fótò ṣáá. Ẹ má bínú sí mi, adùn ọjọ́ yẹn ò tíì kúrò lẹ́nu mi.

Kò pé oṣù méjì tí ọ̀dà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú, bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Èèyàn á tẹ̀ ẹ́, omi á sun jáde.

Mo mọ ohun tó fà á. Mo fi ń kọ́ ọmọ ni. Síbẹ̀, mo jókòó, mo kọ ẹ̀sùn ojú ìwé mẹ́rin ní Faransé, ẹ̀sùn mọ́kànlá. Ẹ jẹ́ kí n ṣe òdodo: mẹ́sàn-án nínú wọn jẹ́ òótọ́, mo sì ṣì dúró lé wọn lórí. Ó pẹ́ kó tó dé lẹ́ẹ̀mẹta. Ó da ọ̀dà sí ilẹ̀ àgbàlá tí kò nù ún. Ìlà pupa rẹ̀ wọ́ ní ìwọ̀n ìka kan ní ìdí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ìkẹwàá ni pé ó kun igi tútù, ìkọkànlá ni pé kò mọ iṣẹ́ tó ń gba owó lé.

Mo kà á níwájú ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀. Mo tún túmọ̀ rẹ̀ sí Nàgó, Yorùbá tiwa níbí, fún àwọn tí kò gbọ́ Faransé, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun ò gbọ́. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé: «Bàbá, ṣé ojú ti ń ṣe bàìbàì ni?» Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

Bàbá Ràímì ṣí fìlà, ó dì í mú lórí eékún. Ó ní: «Màá tún un kùn.»

Ó tún un kùn, pẹ̀lú ọ̀dà tirẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, èmi náà ò sì fún un.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó wá sílé mi pẹ̀lú ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan tó pọ́n dáadáa. Ó jókòó, ó yọ ìdì ìwé ìròyìn kan jáde lápò, ó tú u sórí tábìlì. Ọ̀rá yẹn ni. Sìkọ́ṣì tirẹ̀ wà lára rẹ̀, tèmi tó mọ́ bíi gíláàsì sì wà lórí rẹ̀.

Ó ní: «Màmá Púróòfù, ẹ̀yin lẹ kàwé. Ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Mo fọwọ́ kan igi yẹn, ó gbẹ. Báwo lomi ṣe wá wà nínú rẹ̀?»

Ó ń wojú mi.

Ẹ jọ̀ọ́, èyí ló tì mí lójú jù. Mo mú bíìkì ìkọ̀wé, mo ya igi fún un lórí ìwé. Mo ṣàlàyé ooru, mo ṣàlàyé ọ̀rinrin, mo ṣàlàyé ihò kéékèèké tó wà nínú igi. Mo kọ́ ọ fún ìdajì wákàtí gbáko. Ó ń mi orí. Nígbà tí mo parí, ó ní: «Ẹ ṣeun. Mo ti gbọ́.» Ó dìde, ó fi ọ̀rá náà sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Láti ìgbà yẹn, Bàbá Ràímì ò kun ọkọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́ àfi tí ọkọ̀ náà bá lo oṣù kan gbáko lórí ilẹ̀. Owó rẹ̀ ò lé, ṣùgbọ́n oṣù kan láìṣiṣẹ́ ju owó ọ̀dà lọ. Fún èmi tí mo ní owó ìfẹ̀yìntì, kò sí wàhálà. Fún àwọn obìnrin tó ń fi ọkọ̀ jẹun, wàhálà ni. Ọ̀kan nínú wọn ni Ìyá Sẹ́nà, tó ń kó gàrí àti igi ìdáná wá. Igi ọkọ̀ rẹ̀ ti ń rà, ó sì ń jò.

Níjẹta, mo bá a létí ọ̀sà, ó ń fi agolo tòmátì gbọ́n omi. Mo ní kí ló dé tí kò kun ọkọ̀ rẹ̀.

Ó ní: «Tantí, oṣù kan! Kí làwọn ọmọ mi á máa jẹ, ọ̀dà?» Ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. «Mo ti bẹ Bàbá pé kí wọ́n lẹ ọ̀rá bíi ti tẹ́lẹ̀, kí n lè mọ̀ bóyá ọ̀sẹ̀ méjì á tó. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n ní, ‹Ọmọ mi, ọ̀rá ò jẹ̀bi, ọ̀rá kì í parọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rá ò lè di ọwọ́ ẹni tó ṣí i mú. Oṣù kan, kò sẹ́ni tó lè nù ún.› Tantí, àgbà ti dé sí Bàbá, òwe ni wọ́n ń pa kiri.»

Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbọ́n omi rẹ̀ lọ.

Bàbá Ràímì mọ̀. Ọjọ́ tó gbé ọ̀rá wá sílé mi, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ló wá kọ́. Ilẹ̀kùn ló ṣí fún mi pé kí n gba ibẹ̀ wọlé, kí n sọ̀rọ̀. Mo fi físíìkì dá a lóhùn. Ó lè dójú tì mí níwájú ẹgbẹ́, kò ṣe é. Ó kàn yí iṣẹ́ rẹ̀ padà, Ìyá Sẹ́nà ló sì ń fi agolo gbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Inú kọ́kọ́ bí mi sí i. Mo ní kí ló dé tí kò sọ ọ́ lójú mi, mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀sùn kejìlá. Lẹ́yìn náà ni mo bi ara mi pé, ta ni ì bá gbà á gbọ́, òun tàbí Màmá Púróòfù?

Ọmọ mi obìnrin ní kí n fi sílẹ̀, pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ò ké. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè fi sílẹ̀. Mo ti kọ ìwé mìíràn, ní Nàgó lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, orúkọ mi ló sì wà níwájú rẹ̀. Màá kà á níbi tí mo ti ka ti àkọ́kọ́. Mo sì ti sọ fún Ìyá Sẹ́nà pé bí wọ́n bá ti kun ọkọ̀ mi tán, kó gbé tirẹ̀ gòkè, kó máa fi tèmi kó ẹrù rẹ̀. Ó rò pé oore ni.

Ṣùgbọ́n Bàbá Ràímì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọkọ̀ mi tún ti wà lórí ilẹ̀ báyìí fún ọ̀dà tuntun. Ó ní òun máa wá wò ó lọ́la. Nírọ̀lẹ́ àná, mo mú ọ̀rá àtijọ́ yẹn, mo fi sìkọ́ṣì tèmi lẹ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Láàárọ̀ yìí, omi ti sẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Mo wò ó. Mi ò fọwọ́ kàn án.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ti bẹ àgbà rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n kúnlẹ̀ kí n sọ̀rọ̀ kó tó dé ìdí ọkọ̀ ni, àbí kí n kọ́kọ́ jẹ́ kó ṣí ọ̀rá náà fúnra rẹ̀, kó rí i pé omi wà níbẹ̀, mi ò sì nù ún?