Màmá Tó Ń Kí Ògiri

Lọ́dún tí ètò ọrọ̀-ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sáàpù sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, èmi bàbá onírùngbọ̀n sá fún abẹ́rẹ́ ní ọsibítù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn kan, àṣé wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ni. Kí n tó jáde, nọ́ọ̀sì àgbà kan àti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti ń jiyàn lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì màmá kan tí ìdùbúlẹ̀ sójú kan ti dá egbò sí lẹ́yìn.

“Sípíríìtì àti páúdà ni kí o fi ra ẹ̀yìn wọn. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn.”

“Mo gbọ́, mà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo màmá tó wà lọ́hùn-ún. Àwọn àti màmá yìí ni wọ́n jọ dé. Sípíríìtì là ń fi ra ẹ̀yìn ti ọ̀hún, egbò náà sì ń fẹ̀ sí i. Màmá yìí tí mò ń yí láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, tiwọn ti ń jinná.”

“Ọ̀jọ̀gbọ́n! Bí o bá padà sí sùkúù, ta ni yóò máa yí wọn? Èmi nìkan ni mo wà níbí lọ́sàn-án. Ẹbí wọn ní Ìkòyí-Ilé ò sì yọjú rí.”

Màmá ló dáhùn, láì gbórí sókè:

“Ẹ má bá a wí. Kó tó dé, kò sẹ́ni tó ń yí mi, ògiri ni mò ń kí láàárọ̀.”

Nọ́ọ̀sì àgbà wo egbò màmá, ó lọ wo ti ọ̀hún, ó sì pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó fi ìdérí dé ìgò sípíríìtì.

“Wá mú ẹsẹ̀ wọn, kí n mú èjìká. Ká kọjú wọn sẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, màmá ọ̀hún ló kàn.”