Píìnì Ló Wà Lẹ́nu Àbúrò Mi

Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, ẹ jókòó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já ìwé yìí gbà kí ẹ tó kà á tán. Lọ́jọ́ Ajé, dókítà yóò gé ohun tó hù sí mi lọ́nà ọ̀fun, ó sì ti ní ohùn mi lè bá a lọ. Ohùn tí mo fi ń lé yín kúrò nídìí ìkòkò ọbẹ̀! Ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín títí ìdí ńlá mi fi mi bẹ́ẹ̀dì jìgìjìgì. Ṣùgbọ́n òótọ́ kan wà lábẹ́ ohùn náà tí mi ò gbọdọ̀ gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Àmì-ẹ̀yẹ tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n mi, tí ẹ máa ń nu eruku rẹ̀ ní gbogbo Sátidé, tí wọ́n kọ “Orin Àkọ̀tun Tó Dára Jù Lọ Nínú Fíìmù” sí lára, kì í ṣe tèmi. Mo jí i ni. Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ìyá yín kékeré tó ń ránṣọ, òun ni mo jí i lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ mi nígbà náà ni kí n fi dùùrù ṣe orin fún fíìmù. Olùdarí kan gbé fíìmù kan tó dá lórí opó wá, ó ní, “Àǹtí, orin tí kò ní ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́.” Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi tẹ dùùrù, ohun tó ń jáde dà bí igbe ewúrẹ́ tí òjò ń pa. Lọ́jọ́ kẹfà mo lọ wọn ẹ̀wù lọ́dọ̀ àbúrò mi. Ó kó píìnì sẹ́nu, ó ń fi í mú aṣọ mọ́ mi lára, ó sì ń fi imú kọ orin kan tó gún mi nínú. Bó bá kọ ọ́ díẹ̀, á dákẹ́, á yọ píìnì kan lẹ́nu, á tún máa kọ ọ́ lọ. Mo bi í pé ta ló ni orin náà. Ó ní, “Èmi ni. Ìgbà tí ọkọ mi kú ló ti bá mi. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró jẹ́ẹ́ o. Bí mo bá fẹ́ fi píìnì gún ìdí yín, kò sí bí mo ṣe lè ṣì í.”

Mo délé, mo tẹ orin náà bí mo ṣe gbọ́ ọ, tòun ti ìdákẹ́ rẹ̀. Olè tí kò mọ ohun tó jí. Fíìmù jáde, orin náà gba ìgboro, wọ́n sì kọ orúkọ mi mọ́ àwọn tó ń du àmì-ẹ̀yẹ ẹkùn ilẹ̀ wa. Àbúrò mi gbọ́ ọ ní sinimá. Ó wá bá mi, kò tiẹ̀ pariwo. “Ẹ̀gbọ́n mi, orin ọkọ mi lẹ gbé síbẹ̀ yẹn. Ẹ kàn dárúkọ mi mọ́ ọn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.” Mo ní, “Orin imú lásán? Ṣé èèyàn ló ni afẹ́fẹ́ ni?” Ẹ wo ẹnu mi. Abájọ tí nǹkan fi hù sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ó gba ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ àmì-ẹ̀yẹ náà lọ. Mẹ́ta ni wọ́n, nídìí tábìlì gígùn kan. Wọ́n pe àwa méjèèjì, alága sì ní kí àbúrò mi kọ orin náà. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ ṣófo, ó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò dákẹ́ níbì kankan. Alága mi orí. “Ìyá, ìdákẹ́ inú orin yẹn ló pa wá lẹ́kún. Tiyín ò ní in. Ẹni tó bí ọmọ kì í gbàgbé ojú rẹ̀.”

Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi nìkan ló mọ̀ nínú yàrá yẹn pé píìnì ni. Òun alára kò mọ̀ pé òun ń dákẹ́. Bí mo bá ní, “Ẹ fún un ní píìnì,” ọ̀rọ̀ parí. Mo gbé e mì. Wọ́n bi mí níbi tí mo ti rí ìdákẹ́ náà, mo ní èémí opó ni. Kò tó mi. Mo tún tẹ̀ síwájú, mo fohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, “Ẹ má bínú sí i. Látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni orí rẹ̀ ò ti pé mọ́.” Ó wò mí. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Èmi gba àmì-ẹ̀yẹ, mo jó títí bàtà mi kan fi fò lórí pèpéle. Ọdún kọkànlélógójì rèé, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orin nímú àbúrò mi mọ́.

Àná ló wá kí mi. Ó rí i pé etí apá ẹ̀wù ọsibítù mi kan ti tú, ó kó píìnì sẹ́nu, ó ń tún un ṣe. Ìgbà náà ni mo jẹ́wọ́ fún un. Ó yọ píìnì kan. “Mo ti mọ̀. Mo délé lọ́jọ́ yẹn, mo kó píìnì sẹ́nu, mo gbọ́ ara mi. Mo sì mọ̀ pé ẹ mọ̀. Ti pé orí mi ò pé yẹn ni mi ò tíì ríbi gbé e sí.”

Ẹ gbé àmì-ẹ̀yẹ náà àti ìwé yìí lọ bá àwọn tó fún mi, kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ rọ́pò tèmi, bí mo wà, bí mi ò sí. Ẹ má bẹ̀rù irọ́ nìkan, ẹ̀yin ọmọdé. Òótọ́ tí èèyàn gbé mì náà máa ń hù lọ́nà ọ̀fun.

Ó ti tún dé láàárọ̀ yìí. Apá ẹ̀wù kejì ló mú dání, píìnì wà lẹ́nu rẹ̀. Èmi aláriwo dákẹ́ fẹ́ẹ́, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Bí o ò bá lè dárí jì mí, ṣáà kọ orin náà.