Nígbà Tí Mo Fi Fóònù Pe Àgbà

Bàbá Ẹkúndayọ̀, alága wa lónìí, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin pásítọ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ ti Largo àti District Heights wá bá wa ní Clinton níbí, ẹ kú ìrìn o. Jessica, ọ̀rẹ́ wa tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, mo kí ìwọ náà. Níkẹ́ á máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi sí ọ létí. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ahọ́n mi bá kọsẹ̀, ẹ fà mí dìde. Èmi Tìmílẹ́yìn, Amẹ́ríkà ni mo ti kàwé. Ọdún márùn-ún péré ni mo fi ń wá èdè bàbá mi kiri.

Mẹ́rin nínú ọdún náà ni mo fi darí ọ̀nà ìrántí wa. Fún àlejò tí kò mọ̀ ọ́n: ìwé ìtàn àròsọ àtijọ́ kan wà, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ilẹ̀ yìí, nípa ọmọbìnrin ẹrú kan tó sá gba inú igbó lọ síhà àríwá. A tẹ̀ lé ìrìn rẹ̀ nínú ìwé náà, a la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ máìlì méjì sínú igbó ẹ̀yìn ìjọ yìí, a ri pátákó méje mọ́ ọn, Gẹ̀ẹ́sì lápá kan, Yorùbá lápá kejì. Ta ló bá mi tún Yorùbá náà ṣe? Ẹ̀yin ni. Mo kọ ọ́ pé ọmọbìnrin náà "sáré púpọ̀." Bàbá wò mí, wọ́n ní, "Ṣé ìdíje ló wà ni? Kọ ọ́ pé ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ." Níkẹ́, nọ́ọ̀sì wa, á ti iṣẹ́ wákàtí méjìlá dé, á tún gbé omi fún àlejò. Mo dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Níbi tí ọ̀nà náà parí sí, pápá kan wà, òkúta pẹlẹbẹ wà níbẹ̀ láìní orúkọ. Abẹ́ wọn ni wọ́n sin àwọn baba ńlá Jessica sí, ẹrú gidi, èèyàn ẹlẹ́ran ara. Mo ri pátákó méje fún ọmọbìnrin inú ìwé, tí ìyá kankan kò bí rí. Mi ò ri ẹyọ kan fún wọn.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ kọ́ ilé sórí pápá náà, ìjọba ìbílẹ̀ dá ọjọ́ tí aráàlú máa wá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní bí èèyàn bá pọ̀ tó fẹ́ kí ilẹ̀ náà wà bó ṣe wà, àwọn á dá a dúró. Kí ni mo ṣe? Mo kọ ìpè sórí wáásáàpù ìjọ. Ọjọ́ méjì ni mo fi to àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, inú mi ń dùn sí Yorùbá mi. Ọgọ́fà èèyàn ló kà á. Lọ́jọ́ náà, àwa mẹ́ta la wá: èmi, Jessica, àti Níkẹ́ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Àwọn akọ́lé kún ìlà ìjókòó márùn-ún.

Mo lọ bá Bàbá.

"Bàbá, ṣé ẹ ò rí ìpè mi ni?"

"Mo rí i."

"Kí ló dé tí ẹ ò wá?"

"Ta lo rán sí mi? Àbí èmi àti ẹni tó ń polówó ìrẹsì lórí fóònù la jọ ń gba ìpè kan náà?"

Mo kọ́ èdè, mi ò kọ́ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àgbà. Mo jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí mi, ẹ dákun, bí ọmọ bá ṣìwà hù, ṣé òkú ló yẹ kó jìyà rẹ̀?

Wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Tiwa, agbè náà ló fọ́. A ti pàdánù pápá náà, wọ́n sì ti ti ọ̀nà ìrántí wa pa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kúrò nípò olùdarí: kò sí ohun tí mo fẹ́ darí mọ́.

Mo fẹsẹ̀ lọ sílé Jessica, mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó ní, "Tìmí, dìde, orúnkún rẹ á dọ̀tí." Ó bu omi fún mi. Kò bínú rárá. Ó kàn bi mí níbi tí òun á máa gbé òdòdó lọ fún àwọn baba ńlá òun. Ì bá gbá mi létí, ì bá sàn.

Kí Ọlọ́run fún Níkẹ́ ní ìsinmi lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀. Kí ó dá ẹ̀mí Bàbá sí, kí ó má fi ọmọ aláìmọ̀kan bíi tèmi dán wọn wò mọ́. Kí ó dárí jì wá; mi ò mọ̀ bóyá àwọn tó sùn sí pápá lè dárí jì wá.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, katakata á wọ ibẹ̀. Jessica fẹ́ lọ dúró ti àwọn èèyàn rẹ̀ kó tó dé. Èmi á bá a lọ. Mi ò pe ẹnì kankan.

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi.